Orí Kẹfà: Níbo ni Dátà Náà Ti Fara Pa?

Ká ní akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan fẹ́ fi àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí báǹkì. Inú Excel ló kó gbogbo rẹ̀ sí: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà àkáǹtì, iye tí oníkálukú dá àti ọjọ́ tó dá a. Báǹkì ní fáìlì CSV làwọn ń gbà. Akọ̀wé tẹ Save As, ó mú CSV, ó fi pamọ́. Nígbà tó ṣí fáìlì tuntun náà pé kóun yẹ̀ ẹ́ wò, òdo tó máa ń ṣíwájú nọ́ńbà fóònù ti lọ, Ṣadé ti di ?adé, owó tí wọ́n san lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹrin sì ti di ti ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ibi tí wọ́n ti ń yí fáìlì padà ló ti bàjẹ́. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú orí yìí ni pé àṣìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀kan ṣẹlẹ̀ nígbà tí Excel ń kọ fáìlì. Ọ̀kan ò tíì ṣẹlẹ̀ sí fáìlì rárá, nígbà tí wọ́n tún un ṣí ló ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kẹta wá nítorí pé fáìlì náà ò sọ èwo ni ọjọ́, èwo ni oṣù. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ìpalára ti wáyé, ibi tí kò dun aláìsàn ni yóò máa fi oògùn pa.

Ká tó lè mọ ibẹ̀, ó yẹ ká mọ ohun tó wà nínú àpótí kékeré kan ṣoṣo lójú Excel. Àpótí yẹn ní ara, ó sì ní aṣọ. Ara ni ohun tí kọ̀ǹpútà fi pamọ́, aṣọ ni ohun tí ojú wa ń rí. Bí a bá tẹ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024 sínú rẹ̀, nọ́ńbà 45385 ni Excel ń fi pamọ́, nítorí pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ló ti ń ka ọjọ́ bọ̀. Aṣọ ni 03/04/2024 tí a ń rí, a sì lè pààrọ̀ aṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹwàá kí ara má yí padà. Bákan náà ni àmì náírà tó wà níwájú owó, kọ́mà tó ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀, àti nọ́ńbà méjì péré tí a jẹ́ kó hàn lẹ́yìn ojúàmì nígbà tí mẹ́jọ wà nísàlẹ̀. Fọ́múlà pẹ̀lú ń bẹ lábẹ́ aṣọ: èsì rẹ̀ là ń rí, ìṣirò tó bí èsì náà fara pamọ́. Níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ bá wà nínú Excel, ara àti aṣọ jọ ń gbé ni, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìyàtọ̀ wọn. Ọjọ́ tí fáìlì bá fẹ́ ti inú ilé kan lọ sí òmíràn ni ìbéèrè náà dé: nínú àwọn méjèèjì, èwo ló ń lọ?

CSV dáhùn ìbéèrè yìí lọ́nà tó ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Aṣọ ni Excel ń kó sínú rẹ̀, ó ń fi ara sílẹ̀. Ohun tó hàn lójú nígbà tí a tẹ Save ni yóò kọ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán, pẹ̀lú kọ́mà láàárín òpó kan àti èkejì. Fọ́múlà kì í bá a lọ, àwọ̀ kì í bá a lọ, àwọn ìwé yòókù tó wà nínú fáìlì kan náà kì í bá a lọ. Èyí tó ṣí sílẹ̀ lójú nìkan ló ń kọ. Nínú gbogbo èyí, nọ́ńbà gígùn ló ń jìyà jù. Bí a bá tẹ nọ́ńbà fóònù pẹ̀lú 234 dípò òdo, nọ́ńbà mẹ́tàlá ni, Excel a sì máa fi aṣọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wọ nọ́ńbà tó bá ti lé ní mọ́kànlá. 2348012345678 yóò hàn bíi 2.34801E+12. Nínú Excel, kò tíì sewu, ara rẹ̀ pé pérépéré lábẹ́ aṣọ yẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ di CSV báyìí, 2.34801E+12 gan-an ni yóò wọnú fáìlì, kò sì sí àgbà onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó lè ti inú ẹ̀ wá nọ́ńbà fóònù yẹn jáde mọ́. Gbogbo nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ bákan náà ti di ẹyọ kan. Ìpalára ìgbà ìkọ̀wé nìyí, ìwòsàn rẹ̀ sì ní láti ṣáájú ìkọ̀wé: kí a sọ òpó náà di Text kí a tó tẹ nọ́ńbà kankan sí i.

Ìpalára kan tún wà tó ṣáájú ìyẹn, tí ìkójáde ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n máa ń dá a lẹ́bi fún. Excel kì í tọ́jú ju nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ fún iye kan. Nọ́ńbà tó wà lójú káàdì ATM máa ń jẹ́ mẹ́rìndínlógún lọ́pọ̀ ìgbà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ bí iye, èyí tó gbẹ̀yìn yóò di òdo lójú ẹsẹ̀ tí a bá tẹ Enter. Ẹni tó bá rí òdo yẹn nínú CSV lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà yóò gbà pé CSV ló ṣe é. Nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì ní Nàìjíríà jẹ́ mẹ́wàá, NIN àti BVN jẹ́ mọ́kànlá, nítorí náà ewu yìí ò kàn wọ́n. Òdo iwájú ni ewu ti nọ́ńbà àkáǹtì. Gbogbo àwọn nǹkan wọ̀nyí la ń pè ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n orúkọ ni wọ́n jẹ́. A kì í ro nọ́ńbà fóònù méjì pọ̀, a kì í pín BVN sí méjì. Ohun tí a kì í bá ṣírò, Text ló yẹ kó jẹ́ láti ọjọ́ tí a bí i.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sórí òdo tó pòórá lọ́wọ́ akọ̀wé wa. Ká sọ pé ó ti ṣe òpó fóònù rẹ̀ ní Text, tí 08012345678 sì hàn dáadáa nínú Excel. Ó kọ ọ́ sí CSV, ó tún un ṣí, ó rí 8012345678. Níbo ni òdo wà? Inú fáìlì ló wà. Bí ó bá fi Notepad ṣí fáìlì kan náà, tàbí ètò kékeré èyíkéyìí tó ń fi ọ̀rọ̀ hàn bó ṣe wà, yóò rí òdo náà níbi tó fi í sí. CSV kò ní àyè tí a lè kọ ọ́ sí pé “Text ni òpó yìí.” Ọ̀rọ̀ àti kọ́mà nìkan ló wà níbẹ̀. Nígbà tí a bá tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì tí Excel ṣí i, Excel ń méfò ni. Ó rí nọ́ńbà mọ́kànlá, ó ní iye ni, iye kì í sì í ní òdo níwájú. Ìméfò yẹn ló ṣe ìpalára, ojú Excel nìkan ló sì ti ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó gbọ́ tẹnu Excel nìkan kó tó dá fáìlì lẹ́bi, aláìṣẹ̀ ló dá lẹ́bi.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kò sí àyẹ̀wò kankan tó ṣáájú ká wo fáìlì ní ìhòòhò, ìyẹn ni ká fi ètò tí kì í méfò ṣí i. Kò ní í gbà tó ìṣẹ́jú kan. Bí ohun tó tọ́ bá wà lójú Notepad, iṣẹ́ tó kù jẹ́ ti ẹni tó ń ṣí fáìlì: kó lọ sí Data nínú Excel, kó mú From Text/CSV, kó sì sọ òpó tó jẹ́ orúkọ di Text kó tó jẹ́ kí ó wọlé. Bí ohun tó bàjẹ́ bá wà lójú Notepad, iṣẹ́ kù fún ẹni tó kọ fáìlì, ẹni tó ń ṣí i lè máa tẹ bọ́tìnì títí di alẹ́, kò ní í rí nǹkan tún ṣe. Ohun kan ṣoṣo ló ń da ìpín yìí rú. Ó jẹ́ ohun tí akọ̀wé sábà máa ń ṣe láìfura: ó ṣí CSV nínú Excel láti yẹ̀ ẹ́ wò, Excel béèrè nígbà tó fẹ́ tì í pé ṣé kóun fi pamọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní ìṣẹ́jú yẹn, ohun tí Excel méfò ti rọ́pò ohun tó wà nínú fáìlì. Òdo tó wà láàyè lójú Notepad ti lọ tòótọ́. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà.

Ọ̀rọ̀ Ṣadé ló kàn wá jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé àwa tí a ń kọ Yorùbá ló ń bá jà ju ẹlòmíràn lọ. Kọ̀ǹpútà kì í fi lẹ́tà pamọ́ bí lẹ́tà. Nọ́ńbà ló fi ń dúró fún un, àtẹ ló sì fi ń mọ nọ́ńbà tó jẹ́ ti lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Àtẹ àtijọ́ tí Windows ń lò fún èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù kò ní ju àyè 256 lọ. Á wà níbẹ̀, è wà níbẹ̀, nítorí pé Faransé àti Potogí nílò wọn. Ẹ kò sí níbẹ̀, ọ kò sí níbẹ̀, ṣ kò sí níbẹ̀, ń àti ǹ kò sí níbẹ̀. UTF-8 ni àtẹ tó gba gbogbo wọn. Nígbà tí akọ̀wé wa mú CSV lásán dípò CSV UTF-8, àtẹ àtijọ́ ni Excel lò. Nígbà tó kan Ṣ, kò rí àyè fún un, ó fi àmì ìbéèrè sí i, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Àmì ìbéèrè yẹn ti wọnú fáìlì. Ṣ kò farapamọ́ síbì kankan.

Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí Ṣadé kì í di ?adé, tó jẹ́ pé á¹¢adÃ© ni yóò hàn. Ó burú lójú ju àmì ìbéèrè lọ, ẹ̀rù rẹ̀ sì máa ń ba èèyàn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ìròyìn ayọ̀. Nínú UTF-8, báìtì mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ Ṣ, báìtì méjì ni wọ́n fi ń kọ é. Bí ètò tó ń ṣí fáìlì bá fi àtẹ àtijọ́ kà á, yóò pe báìtì mẹ́ta yẹn ní lẹ́tà mẹ́ta, yóò pe méjì yẹn ní lẹ́tà méjì. Ohun tó bí á¹¢ àti Ã© nìyẹn. Lẹ́tà kankan ò sọnù, ẹni tó ń kà á ló gbé àtẹ tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí a bá tún un ṣí gẹ́gẹ́ bíi UTF-8, Ṣadé yóò padà wá pẹ̀lú àmì orí rẹ̀. CSV tí a gbà sílẹ̀ láti inú Google Sheets máa ń bá èyí pàdé. UTF-8 ló fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò fi báìtì mẹ́ta tí Excel fi ń dá UTF-8 mọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì, Excel a sì méfò òdì nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. LibreOffice Calc ń ṣe ohun tó wù mí níbí: kó tó ṣí CSV kankan, ó máa ń bi èèyàn léèrè àtẹ tó fẹ́ kóun fi kà á àti àmì tó ya òpó sọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá rí orúkọ tó dàrú kó wo irú ìdàrú tó jẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Àmì ìbéèrè ń sọ pé ìgbà ìkọ̀wé ló bàjẹ́, kí a padà sídìí fáìlì àkọ́kọ́. Lẹ́tà àjèjì tó pọ̀ jù ń sọ pé ìgbà kíkà ló bàjẹ́, fáìlì ṣì pé.

Ẹni tó bá rò pé àwọn tí kò mọ kọ̀ǹpútà dáadáa nìkan ni irú nǹkan yìí ń ṣẹlẹ̀ sí, kó wo ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ àbùdá. Jíìnì ènìyàn kan wà tí orúkọ rẹ̀ ní ìkékúrú ń jẹ́ MARCH1, òmíràn ń jẹ́ SEPT2. Excel rí wọn, ó ní oṣù kẹta ni, ó ní oṣù kẹsàn-án ni, ó sọ wọ́n di ọjọ́. Ní ọdún 2004 ni àwọn onímọ̀ kan ti kéde ìṣòro yìí nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ wọn. Ní 2016, Mark Ziemann àti àwọn méjì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Ọsirélíà yẹ àpilẹ̀kọ ìwádìí 3,597 wò, gbogbo wọn ló fi àkójọ jíìnì sínú Excel, wọ́n sì rí àṣìṣe yìí nínú 704 lára wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú márùn-ún. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló kọ wọ́n, àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ wọn ló yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó tẹ̀ wọ́n jáde. Ní 2020, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń fún jíìnì ènìyàn lórúkọ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá má rò láé: wọ́n yí orúkọ jíìnì padà. MARCH1 di MARCHF1, SEPT2 di SEPTIN2, kí Excel má bàa rí ọjọ́ nínú wọn mọ́.

Àwọn kan yóò sọ níbí pé èyí fi hàn pé ẹ̀bi àwọn tó ṣe ètò náà ni, pé kò tọ́ ká máa kọ́ akọ̀wé bí yóò ṣe ṣọ́ra fún ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá lè tún ṣe. Òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ètò tó ń yí ohun tí èèyàn kọ padà láìbéèrè ń ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe, èmi ò sì rí àwíjàre kankan fún un pé láti 2004 títí di 2023 ni wọ́n ń dúró kí Microsoft tó fi bọ́tìnì sínú Excel tí a lè fi pa ìyípadà aládàáṣe yìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí bọ́tìnì yẹn lè ṣe àti ibi tí agbára rẹ̀ pin sí. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Fáìlì kì í jókòó síbì kan. Ọ̀dọ̀ ẹni tí kò gbọ́ nípa bọ́tìnì náà rí ló ń lọ, sínú Excel tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 2010, tàbí sínú ètò mìíràn tó ní ìméfò tirẹ̀. Olùfiránṣẹ́ ò lè pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà olùgbà. Ohun tó lè ṣe ni kó mọ ohun tó wà nínú fáìlì tó fi ránṣẹ́, kó sì sọ fún olùgbà bí yóò ṣe ṣí i.

Kò síbi tí èyí ti hàn tó ààlà Nàìjíríà àti Benin. Ní Èkó, ojúàmì la fi ń ya náírà kúrò lára kọ́bọ̀, kọ́mà la fi ń ya ẹgbẹ̀rún. Ní Kútọnu, níbi tí ètò kọ̀ǹpútà ti jẹ́ ti Faransé, kọ́mà ló dúró níbi tí ojúàmì wa dúró: wọn a kọ 12,5 níbi tí a ti ń kọ 12.5. Kọ́mà ò wá lè ya òpó sọ́tọ̀ mọ́, nítorí pé iṣẹ́ mìíràn ti wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí náà Excel ibẹ̀ máa ń fi sẹmikọ́lọ̀nù ya òpó, ìyẹn kọ́mà tó gbé ojúàmì lérí. Bí oníṣòwò kan ní Pọ́tónófò bá fi CSV ránṣẹ́ sí ẹnìkejì rẹ̀ ní Badagry, gbogbo ìlà yóò dì mọ́ òpó kan ṣoṣo. Fáìlì náà ò lálèébù. Àṣà ìkọ̀wé ìlú méjì ló pàdé níbi tí kò sí ògbufọ̀. Ọjọ́ náà rí bẹ́ẹ̀. 03/04/2024 jẹ́ oṣù kẹrin ní Ìbàdàn, ó jẹ́ oṣù kẹta lórí kọ̀ǹpútà tí ètò rẹ̀ jẹ́ ti Amẹ́ríkà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé Ìbàdàn náà ni kọ̀ǹpútà ọ̀hún wà. Ohun tó ń tú àṣírí ni àwọn ọjọ́ tó ti kọjá ìkejìlá: 13/04/2024 kò lè jẹ́ oṣù kẹtàlá, nítorí náà Excel fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀, ó sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì àpótí nígbà tí àwọn tó ṣì kà sún mọ́ ọ̀tún. Ẹni tó bá rí òpó ọjọ́ tí àwọn kan sún sósì tí àwọn kan sún sọ́tùn-ún, kó má tún nǹkan kan ṣe nínú rẹ̀. Kó padà sídìí fáìlì àkọ́kọ́, kó fi aṣọ 2024-04-03 wọ òpó náà, ọdún kó ṣáájú, oṣù kó tẹ̀ lé e, kó tó tún un kọ jáde. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ò ní ìtumọ̀ méjì.

Ẹlòmíràn yóò ní, “Ẹ jẹ́ ká pa CSV tì nígbà náà, ká máa fi fáìlì Excel ránṣẹ́ bó ṣe wà.” Níbi tí ẹni méjì bá ti ń lo Excel kan náà, mo gbà bẹ́ẹ̀. XLSX ń gbé ara àti aṣọ pọ̀, Ṣadé kì í yí padà nínú rẹ̀, òdo kì í sọnù. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ojú-ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń kó àkọsílẹ̀ wọlé kì í gbà ju CSV lọ, ètò ìṣirò àwọn olùwádìí fẹ́ràn rẹ̀, a ó sì ṣì lè ka ọ̀rọ̀ lásán ní ogún ọdún sí i láìní Excel rárá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, oríṣi fáìlì tó gbé ohun gbogbo ò túmọ̀ sí pé ohun gbogbo ló dé. XLS àtijọ́ kò gbà ju ìlà 65,536 lọ. XLSX tó dé pẹ̀lú Excel 2007 gba 1,048,576. Ní ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, Public Health England, àjọ tó ń rí sí ìlera gbogboogbò nílẹ̀ England nígbà náà, ń gba èsì àyẹ̀wò ní CSV láti ọ̀dọ̀ àwọn yàrá àyẹ̀wò, wọ́n sì ń kó o sínú fáìlì XLS. Ìlà bíi mélòó kan ni èsì ẹnìkan ń gbà, nítorí náà ààyè tètè ń kún. Èyí tó bá kún àkúnwọ́sílẹ̀ ń já sílẹ̀ láìsí ariwo. Láàárín ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án sí ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá, èèyàn 15,841 tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní àrùn náà kò sí nínú iye tí ìjọba ń kéde lójoojúmọ́. Wọ́n fún àwọn fúnra wọn ní èsì wọn. Àwọn tí wọ́n ti bá pàdé ni ẹnikẹ́ni ò tètè wá kiri, nítorí pé orúkọ wọn ò dé ọwọ́ àwọn tó yẹ kó wá wọn.

CSV tí àwọn yàrá àyẹ̀wò fi ránṣẹ́ níbẹ̀ pé. Excel wà níbẹ̀, fáìlì Excel wà níbẹ̀. Ohun tí kò sí ni ẹni tó ka ìlà tó jáde, tó tún ka ìlà tó wọlé, tó béèrè pé kí ló dé tí iye méjèèjì ò bára mu. Mo ka èyí sí ẹ̀rí tó lágbára jù lọ fún ohun tí mò ń sọ. Wíwo fáìlì ní ìhòòhò nínú Notepad ò lè ṣe é fún gbogbo oríṣi fáìlì; bí a bá fi Notepad ṣí XLSX tàbí PDF, àmì tí kò nítumọ̀ la ó rí. Àmọ́ ìbéèrè tí àyẹ̀wò yẹn ń béèrè ò yí padà: ṣé ohun tó kúrò níbí ló dé ọ̀hún? Fún fáìlì ńlá, iye ìlà, àròpọ̀ òpó owó kan, àti ìlà tó gbẹ̀yìn pátápátá ti tó láti dá a lóhùn. Ìlà tó gbẹ̀yìn ni mo máa ń tẹnu mọ́, torí pé ìbẹ̀rẹ̀ ni ojú gbogbo ayé ń wò, ìparí sì ni gígé ti ń bẹ̀rẹ̀.

PDF yẹ fún ọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ gbà pé kò léwu. Àwòrán aṣọ ni PDF jẹ́, kò ní ara rárá. Òpó tó bá fẹ̀ ju ojú ìwé lọ yóò bọ́ sí ojú ìwé mìíràn, àpótí tó há jù yóò fi #### hàn dípò iye, kò sì sí bí olùgbà ṣe lè fà á gbòòrò mọ́. Ìwọ̀nyí rọrùn láti rí bí a bá wo Print Preview kó tó jáde. Ohun tó le ni ohun tí a fi pamọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, lẹ́yìn tí báǹkì Lehman Brothers wọ gbèsè, báǹkì Barclays fẹ́ ra apá kan nínú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì to àwọn àdéhùn tí wọ́n máa gbà sínú Excel. Àdéhùn 179 wà nínú àkójọ náà tí wọn ò fẹ́. Dípò kí wọ́n pa ìlà wọn rẹ́, wọ́n fi wọ́n pamọ́. Nígbà tí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò tún fáìlì náà ṣe kó lè di PDF fún ilé ẹjọ́, àwọn ìlà tó farapamọ́ jáde síta, wọ́n sì di ara ohun tí Barclays ní òun fẹ́ rà. Àwọn agbẹjọ́rò ní láti padà lọ bẹ ilé ẹjọ́ kí ó yọ wọ́n kúrò. Fífi ìlà pamọ́ jẹ́ aṣọ. Ara ìlà náà ṣì wà. Ohun tí a kò bá fẹ́ kó dé ọwọ́ olùgbà, ẹ pa á rẹ́ nínú ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́.

Àtakò tó kù ni ti àkókò. Akọ̀wé tó ní ìlà ẹgbẹ̀rún méjì níwájú, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ń retí fáìlì kí ọ́fíìsì tó tì, ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìnira tòótọ́, mi ò sì fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí mo dábàá ò gùn: fi Notepad ṣí i, wo ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wo èyí tó gbẹ̀yìn, tì í. Iṣẹ́ tí ń gba ọ̀sẹ̀ ni wíwá orúkọ ẹni 200 tó ti di àmì ìbéèrè lẹ́yìn tí wọ́n ti pa fáìlì àkọ́kọ́ rẹ́. Ìdí sì nìyẹn tí fáìlì Excel àkọ́kọ́ ò fi gbọ́dọ̀ di ohun tí a kọ CSV lé lórí. Ẹ jẹ́ kí ó wà ní ibi tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, títí olùgbà yóò fi sọ pé òun ti rí i pé ó pé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé ìwé, ìjọ, mọ́ṣáláṣí, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ilé ìwòsàn, ẹ mú CSV UTF-8 nígbà gbogbo tí orúkọ Yorùbá bá wà nínú fáìlì yín. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ wá ìlà kan tí ẹ, ọ tàbí ṣ wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì wò ó nínú Notepad. Bí ẹ bá rí àmì ìbéèrè níbẹ̀, ẹ má fi fáìlì náà ránṣẹ́. Ẹ padà sídìí ti àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tí orúkọ olúkúlùkù ṣì wà nínú rẹ̀ bó ṣe kọ ọ́.